Gàrí Ló Pa Kámẹ́rà Yín

Bàbá mi, olówó orí Màámi,

Gbogbo ilé wà dáadáa ní Pobè, àfi kámẹ́rà yín. Ó ti kú. Ẹ̀bà ló pa á.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò le mọ́. Ìgbà tí ẹ ṣì wà láyé ni rọ́bà ti ń di ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ mú, okùn bàtà lẹ sì fi ń gbé e kọ́rùn. Okùn yẹn ló já nígbà tí mo ń ya ewúrẹ́ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ni kámẹ́rà bá bọ́ sínú bàsíà omi. Màámi ní òun gbọ́ pé ìrẹsì máa ń fa omi kúrò lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì kò sí nílé. Gàrí wà. Màámi ní gàrí ń fa omi ju ìrẹsì lọ, èmi tí ẹ rán lọ sí politẹ́kíníìkì ló sì lọ gbé gàrí wá. A rì í mọ́ inú gàrí, a sì lọ sùn.

Gàrí fa omi lóòótọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wú sí gbogbo ihò ara kámẹ́rà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Sakété. Ó tú u, ó wò ó, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́?”

Ọwọ́ rẹ̀ náà ni mo ti ra òmíràn, àlòkù kékeré tó lè wọ àpò bíi tiyín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà bọ̀ lórí alùpùpù, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé ọkọ tuntun ni mo ń mú bọ̀ wá fún Màámi.

Ohun tó sì ká mi lára nìyí. Ọmọ yín tó wà ní Kùtọnu ti bí obìnrin. Imú yín ló gbé wáyé, a ń gbàdúrà sí i. Ó fẹ́ fótò Màámi tí yóò gbé kọ́ síbi tí ọmọ yóò ti máa rí i, nítorí ẹsẹ̀ Màámi kò gbé e dé ọ̀hún mọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, Màámi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun. Ó ní fóònù, ìkíni ni wọ́n fi ń kíni. Kámẹ́rà yín nìkan la rò pé ó lè gbà fún, a sì ti fi gàrí sin ín.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fọwọ́ kí ẹ tó mú un, ẹ̀yin tí ẹ kì í sábà fọwọ́ kí ẹ tó jẹun tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Onigbolo. Ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn sí ojú rẹ̀, ẹ ó fi etí ẹ̀wù nù ún. Màámi á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró nínú oòrùn títí ẹ ó fi ṣe tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo gbé tuntun náà síwájú rẹ̀.

“Màámi, ẹ jókòó dáadáa kí n yà yín.”

“Ta ló ní kí o yà mí?”

“Ọmọ yín tó wà ní Kùtọnu.”

“Gbé e wá.” Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Níbo ni wọ́n ń tẹ̀?”

Mo fi hàn án.

“Bàbá yín ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí. Lọ dúró lọ́hùn-ún. Má rẹ́rìn-ín, eyín rẹ pọ̀ jù.”

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń wù ú láti fọwọ́ ara rẹ̀ ya fótò? Ní gbogbo ọdún tó fi dúró níwájú yín, ṣé ẹ kò rí i lójú rẹ̀? Èmi náà kò rí i.

Ó yà mí, ó gé orí mi dànù. Ó ní òun ti mọ orí mi. Ó ya ewúrẹ́, ó ya ògiri. Ìyàwó aládùúgbò tó wá tọrọ iyọ̀ di ẹni tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mẹta. Màámi fúnra rẹ̀ kò jókòó fún mi títí di òní.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kùtọnu. Ọmọ yín pè mí, inú ń bí i: Màámi dà nínú rẹ̀? Mo ní kó tún wò ó dáadáa: ibi tí gbogbo wa kọjú sí, ibẹ̀ ni Màámi wà.

Ó tún wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti rí i.

Ẹ sinmi ire, Bàbá.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ ni mo jẹ́.