Òkìtì Ewé Tí Mo Gbá Kí Àwọn Tíṣà Yín Tó Dé

Abà Àlàdé,
Ọjọ́ Ẹtì.

Gbéminíyì ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Dàpọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé Lancaster ló ṣì ń wakọ̀ lọ ṣiṣẹ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà ńlá fíríwè tí ẹ máa ń dárúkọ yẹn. Àwa náà wà, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ funfun ti bí méjì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná, mi ò lè jókòó síbi kan, mo dìde, mo tún jókòó. Mo fẹ́ pè ọ́, ẹnu mi ò gbà á, ni mo ṣe kọ ọ́, kí Tíṣà Jibril ti ilé-ìwé abà wa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ̀yin tíṣà Richardson lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà àti ti ìlú mìíràn ń pàdé nínú fóònù, ẹ ń pín ọgbọ́n fún ara yín nípa bí àwọn ọmọ ṣe máa kọ́ láti lo ilẹ̀ ayé láì bà á jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àti pé ẹ fẹ́ mú ilé-ìwé wa mọ́ra. Ẹ̀yìnkùlé wa ni Jibril ní nẹ́tíwọ́kì ti dáa, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kó ewé àti èèpo iṣu jọ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n ní yóò di ajílẹ̀. Mo ń wò wọ́n. Nígbà tí Jibril wá sọ ní ọjọ́rú pé àlejò láti Dallas, láti Kenya, láti Finland máa rí ẹ̀yìnkùlé wa lọ́jọ́ kejì, Àṣàkẹ́, obìnrin wo tí wọ́n kọ́ nílé ló máa gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ tí á fi pàǹtí sílẹ̀? Mo kó èèpo tí kò tíì jẹrà fún ewúrẹ́, mo sun ewé, mo gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán. Mo tún yá àga mẹ́tàdínlógún, torí mo rò pé wọ́n máa fẹsẹ̀ ara wọn wá ni, mi ò mọ̀ pé inú fóònù náà ni wọ́n ṣì máa jókòó sí.

Nígbà tí Jibril dé, ó káwọ́ lérí. Ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ni mí, kò lè bá mi wí, fóònù sì ti ń dún. Michelle tí ẹ jọ ń kọ́ni béèrè òkìtì náà. Ìwọ ò sí níbẹ̀, o ń ṣọ́ ìdánwò, ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ ló bà mí, ni mo bá kúnlẹ̀ níwájú fóònù, mo ní, “Èmi ni mo gbá a, ẹ má bá ọmọ mi wí.”

Ó ní níbo ni àwọn nǹkan náà wà. Mi ò lè purọ́. Mo ní ewúrẹ́ ló jẹ èèpo, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló ń lọ sídìí ata, eérú ewé ni mò ń wọ́n sórí ilá kí kòkòrò má jẹ ẹ́, omi tí mo fi ṣan ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ ló ń mu ún. Jibril ń túmọ̀, gbogbo wọn doríkodò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n béèrè pé láti ìgbà wo. Mo ní láti ìgbà tí mo ti relé ọkọ, ọdún méjìlélógójì. Ará Finland kan yọ awò ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi sọ ẹjọ́ di ńlá.

Wọ́n tún ní kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n lo orúkọ mi, àwòrán mi àti ohun tí mo sọ. Mo mọ bí ọlọ́pàá ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Mi ò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà. Jibril ní inú wọn dùn ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú ló ṣe sọ ọ́.

Mo mọ iye ọdún tí o fi tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀ kí o tó rí iṣẹ́ tíṣà, ìyẹn ló ń dùn mí. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí n mú ìyá mẹ́ta dání tó ń ṣe bíi tèmi. Mo ti wá mẹ́ta tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ dáadáa, Ìyá Kàmíl tilẹ̀ lè sunkún. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra dátà, kí ẹ̀bẹ̀ wa má baà já láàárín.

Ọlọ́run á gbè ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Iṣẹ́ rẹ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí ìgbálẹ̀ mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.