Àlájà Sẹ̀kínát Àbúdù (1958–2025): Obìnrin Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Sinimá

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1958, ní agboolé Shittu ní Ìkòsí, ni a bí ìyá wa, Àlájà Sẹ̀kínát Ìbíjọkẹ́ Àbúdù. Olóògbé Wàsíù Shittu ni baba wọn, ọmọ onílẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí ibi tí ilé alájà mẹ́ta kún lónìí. Hàlímátù, tó ti Ìsẹ́yìn wá ń ránṣọ ní Kétu, ni ìyá wọn. Àwọn ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà, àwọn sì ni ìbéèrè wọn pọ̀ jù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu ní ọdún 1964. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fíìmù, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi aṣọ dí fèrèsé kíláàsì láti kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀fọn. Nígbà tí ó parí, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pariwo, àwọn lọ bá ẹni tó ń yí ẹ̀rọ fíìmù náà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá tí ibà ń ṣe yẹn, ṣé ara wọn ti yá báyìí?”

Ọkùnrin náà ní òun kò mọ bàbá náà rí. Inú bí wọn títí wọ́n fi délé.

Ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé tán, wọ́n gba iṣẹ́ títa tíkẹ́ẹ̀tì ní sinimá kan ní Ọ̀jọ́ta. Alhaji Nojeem Àbúdù ló ń yí ẹ̀rọ níbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí bí fíìmù kan ṣe parí ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n sì ṣe yìgì ní ọdún 1981. Nígbà tí sinimá náà kógbá wọlé ní ọdún 1989, ìyá wa di atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ògùdù, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2006. Ní mọ́ṣáláṣí wa, àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà lẹ́yìn àsàlátù.

Ọdún 2014 ni sinimá tuntun kan tó ní gbọ̀ngàn mẹ́rin gbà wọ́n láti máa bójú tó àwọn òǹwòran. Oṣù kẹrin ọdún 2019 sì ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan dé, apá keje nínú ìtàn àwọn akọni tó ń fò lófuurufú, ó sì gba mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn mẹ́rin náà. Ní àsìkò kan náà ni Adédiwúrà, ọ̀dọ́bìnrin ará Kétu, gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ wá, nípa ìyá àti ọmọ tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n fún un. Èèyàn mẹ́rin ló wá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Adédiwúrà ti ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú.

Àlájà lọ bá máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí.

“Ọ̀gá Rótìmí, kí ló dé tí fíìmù kan ṣoṣo fi gba gbọ̀ngàn mẹ́ta?”

“Mummy, kì í ṣe èmi o. Àwọn tó ni ín ló ní tí a ò bá fún àwọn ní mẹ́ta, àwọn ò ní fún wa rárá. Àwọn èèyàn sì ń wá.”

“Kí ni wọ́n ń wá wò níbẹ̀?”

“Mi ò bi wọ́n, Mummy.”

Àlájà bi wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bi àwọn tó ń jáde léèrè. Àwọn kan ní ariwo rẹ̀ dùn, àwọn kan ní ọmọ ló fà wọ́n wá. Ṣùgbọ́n Muideen, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Ìkòsí, fajú ro.

“Ká sòótọ́, Mummy, eléyìí ò dùn tó ti tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ ò ní wo apá kẹjọ nìyẹn?”

“Há, màá wò ó o! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti mọ àwọn èèyàn yẹn. Ṣé mi ò ní lọ wò ó bóyá ara wọn le ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n sọ fún wa nílé pé ojúlùmọ̀ ni àwọn òǹwòran ń lọ kí, pé kò sì sẹ́ni tó tíì mọ àwọn èèyàn inú fíìmù Adédiwúrà. Ni wọ́n bá mú ọmọbìnrin náà lọ sí Mile 12, wọ́n ń kí àwọn alálùbọ́sà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọ́ ìtàn náà dé ìdajì. Roheemat, ọ̀kan nínú wọn, ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

“Àlájà, àárọ̀ Tuesday ni tírélà ń já ẹrù. Ta ló máa fi àlùbọ́sà sílẹ̀ lọ wo fíìmù àlùbọ́sà? Ẹ gbé e sí ọ̀sán Sunday, ẹ máa rí wa.”

Wọ́n padà lọ bá Rótìmí fún aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, nínú gbọ̀ngàn tó kéré jù.

“Mummy, tó bá ṣófo, orí yín ni wọ́n máa gbé e lé o. Iṣẹ́ yín lè lọ sí i.”

“Kí wọ́n gbé e lé e.”

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́tàlélógún ló jókòó lórí àga àádọ́rùn-ún. Ìyá wa kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìkejì, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìkẹta, Rótìmí fúnra rẹ̀ ló ń gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Ọjọ́ Àìkú méje ni wọ́n fi ṣe é. A kò ní parọ́ mọ́ òkú: àwọn tó wo fíìmù akọni náà ṣì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Roheemat fa Adédiwúrà lápá, ó ń béèrè bóyá ọmọ inú fíìmù náà padà sílé-ìwé.

“O rí i?” ni Àlájà wí. “Wọ́n ti ń béèrè wọn. Ṣe apá kejì.”

“Mummy, ìtàn yẹn ti parí.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí Adédiwúrà ṣe fíìmù mìíràn ní ọdún 2023, pẹ̀lú èèyàn tuntun látòkèdélẹ̀, Àlájà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó dára gan-an. Wọ́n sì ní àwọn ṣì ń ro ọmọ alálùbọ́sà.

Àìsàn dé bá wọn ní oṣù kẹjọ ọdún yìí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n bi nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn léèrè ohun tó gbé e kúrò ní Ṣakí wá sí Èkó. Nọ́ọ̀sì náà ṣì ń rò ó fún wọn nígbà tí wọ́n pa ojú dé.

Alhaji Nojeem ti ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2016. Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni ọmọ mẹ́ta, Abíọ́lá, Ẹ̀bùnọlá àti Àbíkẹ́, ọmọ-ọmọ méje tí Ìlérí jẹ́ àkọ́bí wọn, àbúrò ọkùnrin kan, àti Adédiwúrà, tó ní kí a kọ orúkọ òun mọ́ tàwọn ọmọ.

Ìyá wa, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run dárí jì yín, kó fi Àlùjánà ṣe ilé fún yín, kó sì fi ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í sú sí ẹ̀gbẹ́ yín. Ó dàárọ̀ o, ọmọ Shittu.