Ilé Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi tó já: n kò ní kọ́ petẹ́ẹ̀sì. Mo ti mú pílánì tí mo fẹ́, ilé ilẹ̀ ni, lọ́jọ́ Mọ́ńdè sì ni bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ìpìlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Ọmọ yín ni mí, mo ti rí ìbínú yín rí, kò pa mí.

Ṣé mo gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé? Gbogbo ìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ tó ń kó kòkó láti oko wa lọ́nà Ìbòkun wá sí Iléṣà, ẹ ó yọrí síta, ẹ ó máa ka fèrèsé òkè ilé àwọn olówó. Orógbó á wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín, ẹ ó gbàgbé láti jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí ẹ ra ilẹ̀ yìí, ẹ bọ́ sálúbàtà yín, ẹ ń to ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, èmi ń kà á tẹ̀lé yín. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé mi, inú yín sì dùn débi pé ẹ ra odindi búrẹ́dì fún èmi nìkan. Ọdún kejì ni ẹ fi wá sílẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo mú tọ ọkùnrin tó ń ya pílánì lọ ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ránṣọ báyìí. Mo kà á fún un, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, ó sì yà á. Ó rẹwà! Gbogbo fèrèsé tí ẹ fẹ́ ló wà níbẹ̀. Àfi ìgbà tí bíríkìlà ta okùn sórí ilẹ̀, tí èèkàn ìkẹyìn lọ dúró gbọn-in sáàárín oko gbágùúdá aládùúgbò wa. Háà! Ojú tì mí. Mo sáré lọ mú sálúbàtà yín tí Yèyé fi pamọ́ sínú àpótí, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kò ju ínṣì mẹ́wàá lọ. Ínṣì méjìlá sì ni ẹsẹ̀ bàtà tí àwọn tó ń ya pílánì mọ̀. Ẹsẹ̀ ti ara yín ni mo gbé lọ fún ọkùnrin náà, Bàbá mi! Èmi tí mo ń wọn àyà àti ìbàdí èèyàn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, n ò wọn ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹkún ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ilẹ̀ wa kò ju àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọkùnrin náà wá ya pílánì méjì mìíràn. Petẹ́ẹ̀sì ni èkíní, ṣùgbọ́n pálọ̀ ńlá tí ẹ máa ń sọ ló gba ìsàlẹ̀ tán, gbogbo yàrá ló lọ sókè. Èkejì ni ilé ilẹ̀: yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, pálọ̀ kékeré níwájú. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, di petẹ́ẹ̀sì mú ṣinṣin. Ojú ń tì wọ́n pé ilé tí wọ́n máa fi orúkọ yín pè yóò wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá tó jẹ́ pé obìnrin ló ń kọ́ ọ. Látìgbà tí mo ti kọ̀, wọn ò dáhùn ìkíni mi mọ́. Kò burú. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí wọn. Ó máa rẹ̀ wọ́n, kò ní rẹ̀ mí.

Ẹ ò mọ bí orúnkún Yèyé ṣe rí báyìí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀ ọ́, wọ́n á di ògiri mú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé eré ni wọ́n ń ṣe. Tí mo bá gbé wọn sókè, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà bí adìẹ abẹ́ agbọ̀n. Síbẹ̀ wọ́n ti gbà láti máa gùn ún nítorí yín! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ẹ wà láyé, ṣé ẹ ó lè jókòó sí pálọ̀ ńlá kí ẹ máa gbọ́ bí ìyàwó yín ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lókè orí yín? Mo ti bi yín títí, ẹ ò dáhùn. Mo wá dá ara mi lóhùn.

Yèyé ò mọ pílánì kà. Nítorí náà, ní àárọ̀ Sátidé, mo kó eérú sínú igbá, mo fi ya ilé náà sórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹ wò ó, Yèyé bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà! Kò sí ògiri, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ẹsẹ̀ kọjá ilà eérú kankan. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti yàrá dé yàrá, wọn ò wá nǹkan tí wọ́n máa dì mú. Nígbà tí wọ́n dé yàrá tiwọn lẹ́yìn pálọ̀, wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ láti wò ó bóyá ó gbà wọ́n. Wọ́n sún mọ́ ibi tí ògiri máa wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n wà lórí eérú. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún yín.

Mo fi ẹsẹ̀ pa ilà kan rẹ́, mo sún un síwájú, kí yàrá náà lè gba ẹni méjì dáadáa. Inú pálọ̀ yín ni mo ti yọ ọ́.

Èmi tí n kò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan yìí, tí mo sì fẹ́ràn yín gidigidi,

Ọmọbìnrin yín.