Àpótí Ìdí Ààrò Màmá

Ọjọ́rú, 1 Nòfẹ́ńbà 1961. Òrè.

Ọ̀gá sọ ọ́ lónìí, lójú àwa méjèèjì. Lẹ́yìn Kérésìmesì, wọn yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ìbàdàn. Láti ìgbà òmìnira lọ́dún tó kọjá, àwọn òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́ ń ra ohun àtijọ́ bí ẹni ń ra iṣu, Ìbàdàn ni wọ́n sì pọ̀ sí. Ọ̀kan nínú wa yóò gba kọ́kọ́rọ́ ti Òrè níbí. Wọn kò dárúkọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n mo rí ẹni tí wọ́n ń wò bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fọlárìn. Nígbà tí mo dé, àwọn ará oríta yìí ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilẹ̀kùn hẹ́gẹhẹ̀gẹ àti ọpọ́n tó ti là ni a fẹ́ máa fi jẹun. Èmi ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé. Èmi ni mò ń dí ojú ibi tó là, tí mò ń fi ìda oyin kun igi tó ti gbẹ. Kò sí ohun tó fọ́ tí n kò tò padà.

Ẹnì kejì mi, tí mo ń pè ní Ojú-Àṣá, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọlọ́runníyì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Omífunfun. N kò ní í kọ orúkọ yẹn mọ́ sínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Ọkùnrin kan gbé ère wá láti Ago Aláyé. Ó ní ti baba ńlá òun ni. Ó dúdú, ó wúwo, kòkòrò ti lu ìdí rẹ̀. Mo ní ká rà á.

Ojú-Àṣá gbé e sí imú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni." Ó fi èékánná ha abẹ́ apá ère náà. Igi funfun yọ. Ó ní èéfín tó bá ti pẹ́ máa ń wọ inú igi lọ, èyí tuntun ni í dúró lójú.

Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bínú. Ó ní àbúrò òun ló gbẹ́ ẹ, orí àjà ni wọ́n gbé e sí kó lè dúdú, ṣé a ní omi mímu? Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fọwọ́ gbá Ojú-Àṣá léjìká.

Wọn kò gbá mi léjìká rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

N kò bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 5. Odígbó.

Ojú-Àṣá kò rí ọkọ̀ Omífunfun, Ọ̀gá bá ní kí n mú un lọ sílé wa. Màmá — ìyá tó bí ìyá mi, àwọn ló tọ́ mi — gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja fún wa lẹ́yìn ìsìn. Ojú-Àṣá jẹ ẹ́ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

Màmá ní, "Dáre, wo ẹni tó mọ oúnjẹ jẹ. Ìwọ a máa ṣa á jẹ bí adìyẹ."

Mo ní adìyẹ kì í jẹ ọbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ni wọ́n bu ẹja kún fún.

Ó lọ fọwọ́ nínú ilé ìdáná, kò padà. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí tí Màmá fi ń jókòó nídìí ààrò. Àpótí yẹn. Orí rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìjókòó. Orí rẹ̀ ni mo ti ń pa èkùrọ́. Ó fi ìka tọ́ ara àpótí náà pẹ̀lẹ́, ó ní ẹja ni wọ́n gbẹ́ yí i po, ìrù ọ̀kan lẹ́nu èkejì. Èéfín ti bò wọ́n. Ewé ni mo máa ń pè wọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ ta lẹ ti gba èyí?"

Màmá fìdí kalẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ìyá ọkọ wọn ló gbé e lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ tirẹ̀. Nígbà tí ilé wa di aládùúrà, wòlíì ní kí a kó gbogbo ohun gbígbẹ́ jáde, wọ́n sì sun ún. Màmá jókòó lórí èyí lọ́jọ́ náà, wọ́n ń se oúnjẹ àwọn tó wá gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde.

N kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Inú ilé ìdáná yẹn ni mo dàgbà sí. Ẹni tó wá jẹun lẹ́ẹ̀kan ló gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ó ti sọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá dìde lórí àga. Wọ́n ní ohun tí Ìyáàfin Evelyn ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn — òyìnbó obìnrin tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ wa láti Ìbàdàn.

Wọ́n wá wò mí. "Dáre, inú ilé yín ló wà?"

Èébú ì bá sàn.

Ọjọ́bọ̀, 9

Òyìnbó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá ti gbà láti tà á. Wọ́n ní àwọn yóò fi owó rẹ̀ kan páànù sórí ilé ìdáná tó ń jò. Ọ̀gá ní kí Ojú-Àṣá ránṣẹ́ sí wọn: kí omi má kàn án, kí ẹnikẹ́ni má ha á. Dúdú ara rẹ̀ yẹn gan-an ni òyìnbó ń rà.

Èmi ni mò ń lọ sílé, ó bá fi iṣẹ́ náà rán mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé o."

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11. Odígbó.

Màmá ti ń gbálẹ̀ de àlejò. Ojú-Àṣá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ dáadáa. Ọmọ tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣé yóò bá òyìnbó wá? Ṣé ó fẹ́ràn ẹja àbí ẹran ìgbẹ́?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àpótí yẹn mà dọ̀tí o. Ṣé kí n fọ̀ ọ́? N kò fẹ́ kí wọ́n lọ máa sọ ní Ìbàdàn pé ọ̀bùn ni mí."

Òkèlè wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì tán. Mo ní, "Ilé yín ni, Màmá. Ẹ ṣe é bí ẹ ti ń ṣe fún àlejò."

Irọ́ kọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Mo kúnlẹ̀ nínú ilé àdúrà. Gbogbo ènìyàn ń gbàdúrà sókè. Fèrèsé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní búlúù ni mo ń kà.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ti rí.

Ọ̀gá, Ojú-Àṣá àti èmi tẹ̀lé mọ́tò òyìnbó dé Odígbó. Màmá wọ sùtánà funfun wọn. Wọ́n ti gbé àpótí sí àárín ilé, wọ́n fi aṣọ bò ó. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ṣí aṣọ.

Wọ́n ti fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́. Wọ́n ti fi àfọ́kù ìgò ha á títí igi fi funfun. Wọ́n sì ti tọrọ ìyókù ọ̀dà fèrèsé ilé àdúrà, wọ́n fi kùn ún. Búlúù. Ẹja méjèèjì búlúù, ojú wọn ń dán.

"Ó mọ́, àbí?" Inú wọn ń dùn.

Òyìnbó ní ó mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Màmá rò pé owó ló lọ mú wá. Wọ́n ṣì ń dúró nígbà tí a kúrò níbẹ̀.

Ní ibi afárá, Ọ̀gá kọjú sí Ojú-Àṣá. "Níyì, ṣé o jíṣẹ́ mi?"

Mo la ẹnu. Mo là á lóòótọ́. Òun ló yá jù mí lọ.

"Ẹ má bínú, sà. Mo gbàgbé."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀gá ní kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Ó gbá ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ. Ó nu àwọn idẹ. "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n." Ó wọ lọ́rì.

Ó mọ̀. Ó dá mi lójú pé ó mọ̀. Kí ló dé tó ṣe é? Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní lè ṣe é fún un. Ó tún jù mí lọ níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 22

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn mi. Ó tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Obìnrin kan mú ẹ̀gbà idẹ wá, ó ní ti ìyá àgbà òun ni. Mo gbé e sí imú. Òórùn idẹ ni. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo ní kó padà wá.

"Ọmọ tó lójú yẹn ńkọ́?" Ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá mo fi í pamọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì lónìí, àpótí búlúù lórí wọn. Wọn kì í wá sí Òrè. Wọn kò tilẹ̀ jókòó.

"Fọlárìn ọmọ mi, mo gbọ́ pé o lé ọmọ yẹn nítorí àpótí mi. Kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo bi Dáre, Dáre ní kí n ṣe é bí mo ti ń ṣe fún àlejò. Bí mo ti ń ṣe fún àlejò nìyẹn. Bí kò bá dára, èmi ni kí o bá wí. Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀bi ara wọn ni wọ́n wá gbà. Wọn kò mọ̀ pé àṣírí mi ni wọ́n ń tú.

Ọ̀gá gba àpótí náà, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Màmá kò fọ ìdí rẹ̀. Àlejò kì í wo ìdí àpótí. Dúdú ló wà bí ti tẹ́lẹ̀, ó ń dán bí awọ. Ọ̀gá fọwọ́ pa á.

"Dáre, ta ni Níyì fi iṣẹ́ mi rán?"

"Èmi ni, sà."

"O gbàgbé?"

"N kò gbàgbé."

Màmá wò mí. Wọ́n wá jókòó wàyí, lórí ilẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò ní kí n bọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo bọ́ ọ lọ́rùn, mo gbé e lé ìdí àpótí náà, lórí dúdú yẹn.

Ẹnu oríta ni mo ti ń kọ èyí. Mò ń dúró de lọ́rì Omífunfun. N óò ní kí Ọlọ́runníyì máa bọ̀, Ọ̀gá ní àwọn ń dúró dè é. Ohun tí n óò sọ lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. N óò sọ ìyẹn náà fún un.

Lọ́rì dé.