Oṣù Mẹ́fà Tó Di Ọgbọ̀n Ọdún

Kessler, Nebraska,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2023.

Curtis Pelham, Akọ̀wé mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Darlene ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ-ọmọ tí mo máa ń rí nínú káàdì Kérésì yín. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ara yín le, pé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú lọ́dún tó kọjá ti ń gbọ́ oògùn, àti pé ìjì Georgia kò tíì ṣí òrùlé yín lọ. Bí o bá béèrè tèmi, mo wà láàyè. Ìyókù wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Méjì àkọ́kọ́ ti wọ inú iná. Bí mo bá jókòó, ìjókòó kò gbà mí. Bí mo bá dìde, ìdúró kò gbà mí. Mo ti jáde lọ wo àpótí lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, bí ẹni pé èsì lẹ́tà tí n kò tíì kọ ti lè dé. Ọ̀rọ̀ mi ti sú ajá mi, ó ti lọ sùn sí yàrá kejì. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, fara dà á fún mi.

Ikọ́ tí mo gbé bọ̀ láti ojú ogun ní aṣálẹ̀, nígbà tí àwọn kànga epo ń jó tí ọ̀sán dòru mọ́ wa lójú, tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń húkọ́ bí ewúrẹ́ àgbà, kò lọ mọ́. Nígbà tí a ń kórè bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà lọ́dún tó kọjá ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí n kò sì lè gùn ún padà. Mo di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, mò ń wá èémí. Dókítà ìlú wa ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti lápàá, pé ọsíbítù àwọn ológun àtijọ́ mọ irú rẹ̀ ju òun lọ. Mo lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé wo ìwé ìdásílẹ̀ mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó wá rọra tì í padà sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ìdásílẹ̀ aláìlọ́lá tí wọ́n kọ síbí yìí, kò jẹ́ kí n lè forúkọ yín sílẹ̀."

Òun ló júwe obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ybarra fún mi, ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ wa gbà láti máa ran àwọn ológun àtijọ́ lọ́wọ́. Ogún ọdún lòun náà fi ṣe iṣẹ́ ológun. Kọfí rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kò sì ní sùúrù fún ẹni tó bá ń ráhùn. Mo ṣàlàyé fún un pé àṣìṣe ló wà níbẹ̀, pé ó yẹ kí ìwé mi ti yí padà sí ìdásílẹ̀ ọlọ́lá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mo ní olóòótọ́ ènìyàn kan ni.

Ó ní, "Bàbá Reisig, ọdọọdún ni mo máa ń rí bíi mẹ́wàá yín tí olóòótọ́ ènìyàn kan sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ṣé wàrà ni ìwé yẹn, tó máa ṣàdédé di wàràkàṣì? Ẹni tí kò bá béèrè, wọn ò ní yí i. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ti ìgbìmọ̀ tó lè yí i, fi wà ní ṣíṣí. Ẹ jókòó sílé títí wọ́n fi tì í. Ó yá, ẹ fa àga yẹn súnmọ́ ibí, ká lọ kan ilẹ̀kùn kejì."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀, n kò lè tàn án fún ìgbà pípẹ́. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé, Curtis, tí mo ti ń dúró de oṣù mẹ́fà.

N kò bínú sí ọ lórí ti oṣù mẹ́fà o. Gbogbo bárékè ló ń sọ ọ́ nígbà náà. Mo ṣì ń rántí bí o ṣe wá bá mi níbi tí wọ́n tì mí mọ́, tí o gbé páì èso píìṣì tí ìyá rẹ ṣe dání lódindi, tí o ní, "Fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ yìí, Lonnie, kí wọ́n má bàa gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ ológun. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, á yí padà fúnra rẹ̀." Mo fọwọ́ sí i. Mo jẹ páì náà tán pátápátá. Mo rò nígbà náà pé ọ̀rẹ́ bíi tìrẹ ṣọ̀wọ́n, mo sì ń rò ó bẹ́ẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí.

Ìgbìmọ̀ tí Ybarra fẹ́ kí n kọ̀wé sí ń fẹ́ mọ ìdí tí mo fi kúrò ní bárékè láìgbàyè. Ìdí náà kò ṣòro. Àrùn jẹjẹrẹ ń pa ìyá mi lọ. Mo béèrè ààyè, mo dúró, èsì kò dé, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo délé ni a sin ín. Bíìtì wà nínú ilẹ̀, yìnyín ń bọ̀, bíìtì kì í sì í dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Èmi àti bàbá mi kó o tán, ó wá fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé mi padà dé ẹnubodè bárékè lọ́jọ́ kọkànlélógójì. Ohun kan ṣoṣo tó sọ lójú ọ̀nà ni pé, "Ọmọ Reisig kì í sá." Òun náà ti ja ogun Korea. Nígbà tí òun kú, wọ́n tẹ́ àsíá bo pósí rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo dì í mú níbẹ̀, ojú ń tì mí.

Nígbà tí àkọsílẹ̀ mi dé láti St. Louis, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn ológun, mo rí ohun tí Kápíténì Voss, ọ̀gá wa ní bárékè, búra sí: "Kò sí ìwé ìtọrọ ààyè kankan tó dé iwájú mi." Mo rẹ́rìn-ín ìkanra. Ìwọ náà mọ̀ pé òpùrọ́ ni mo ti ń pè é látọjọ́ yìí. Ajá mi àkọ́kọ́, Voss ni mo sọ ọ́, kí n lè máa rí nǹkan lé jáde láràárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Jolene àbúrò mi ń palẹ̀ ilé bàbá wa mọ́, nítorí a fẹ́ tà á. Ó rí agolo tí ìyá wa ń kó káàdì ìlànà oúnjẹ sísè sí. Lẹ́yìn káàdì búrẹ́dì oníkábéèjì ni ìwé píńkì kan wà tí a ká sí mẹ́rin. Ẹ̀dà kábọ̀n ìwé ìtọrọ ààyè mi ni. Lọ́jọ́ tí mo gbà á gan-an ni mo fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi, kó lè mọ̀ pé mò ń bọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "Ó ti dé ọwọ́ wa", àmì ọwọ́ rẹ, ìwọ akọ̀wé ọ̀gá wa, wà níbẹ̀ gbàǹgbà: C.P., Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án.

Mo kọ́kọ́ yọ̀. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ Voss. Àfi bí mo ṣe ń wa ẹrù bíìtì lọ sí ibi òkìtì tí wọ́n ń kó o jọ sí lọ́jọ́ kejì, tí Ọjọ́bọ̀ yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí mi lọ́kàn. O ti wọ ṣáàtì funfun. Darlene ń dúró dè ọ́ ní ibùdókọ̀, ọjọ́ náà lo fẹ́ fún un ní òrùka. O fi àmì ọwọ́ sí ìwé mi lórí ìdúró, o ju ojúlówó rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ, o tì í, o mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ. Lọ́jọ́ Ajé mo béèrè, o ní, "Ó ti wà níwájú ọ̀gá, ní sùúrù." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá mi fóònù pé ìyá mi ti ń dágbére. Nígbà tí mo sì padà, tí Voss bi mí pé, "Ìwé wo lo kọ? Ta lo fún?", ìwọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Bàtà rẹ lo ń wò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rò pé àánú mi ló ń ṣe ọ́.

Inú bí mi, Curtis. Ó bí mi débi pé mo kọjá ibi òkìtì náà láìyà, tí mo wà á dé ìlú kejì kí n tó mọ̀. Lẹ́yìn náà mo wá Voss lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n lè tọrọ àforíjì, mo rí i pé ó ti kú lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwa tilẹ̀ rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tún rántí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọ́ nígbà náà. Ìfẹ́ ń pa ọ́ bí ọtí, o gbàgbé ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀, ẹ̀rù sì bà ọ́ láti sọ. Irú èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ orí yẹn kò kéré. Èyí tí n kò rí ọ̀nà gbà gbé mì ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú káàdì Kérésì lọ́dọọdún.

Ohun tí mò ń tọrọ rèé. Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ pé mo béèrè, pé mo fún ọ, pé kò dé iwájú Voss. Ojú ìwé kan ti tó. Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń gbé àsíá ṣáájú àwọn ológun àtijọ́ ìlú yín ní gbogbo oṣù kọkànlá, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń dìde fún ọ. N kò fojú kékeré wo ohun tí yóò ná ọ. Ṣùgbọ́n èémí mi ló ń lọ yìí, ọ̀rẹ́. Ybarra ní láìsí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tèmi. Ọjọ́ ogún oṣù kọkànlá ni yóò fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Kí ó fún Darlene ní ìlera, kí àwọn ọmọ-ọmọ yín dàgbà lójú yín, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ̀ láti gbé ọ. Bí o bá kọ ọ́, bí o kò kọ ọ́, àdúrà yìí kò yẹ̀.

Èmi ni ẹni tí ẹ jọ sùn sábẹ́ àgọ́ kan nínú èéfín,
Lonnie Reisig.

Àfikún: Ìwé píńkì náà ló wà nínú àpò ìwé yìí. N kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, Ybarra kò sì mọ̀ pé ó wà. Jolene ní orí mi ti dàrú, bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ bí mo bá fi ẹ̀dà kan pamọ́, kì í ṣe pé mo bẹ̀ ọ́ mọ́, okùn ni mo fi sí ọ lọ́rùn. Mo ti lẹ sítáǹpù mọ́ àpò ìwé kejì, àdírẹ́sì Ybarra ló wà lára rẹ̀. Òní náà Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti fi ìwé náà lé ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Akọ̀wé. Má tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.