Ẹni Tó Dí I Ni Kó Ṣí I: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Díákónì Jósáyà Ọládòṣù, Gbẹ́nàgbẹ́nà àti Olùkọ́ (1943–2026)

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 1943 ni wọ́n bí Díákónì Jósáyà Ọládòṣù sí agbo ilé Ọ̀mọlé, ní Òkè Gádà, nílùú Ẹdẹ. Bàbá wọn, Olóògbé Ìṣọ̀lá Ọládòṣù, jẹ́ ọ̀mọlé alámọ̀ tó máa ń fi apá ara rẹ̀ wọn ìbú ògiri, láti ìgúnpá dé orí ìka, kó tó gbé e dúró. Ìyá wọn, Ràkẹ́ẹ̀lì, jẹ́ ọmọ ìlú Alájùẹ, ó ń gbin ata àti ẹ̀gẹ́. Ọmọ méje ni àwọn òbí wọn bí. Bàbá ni ẹkẹta, àwọn ló sì kẹ́yìn láyé nínú gbogbo wọn.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ti lè po amọ̀ ni Bàbá ti ń tẹ̀lé baba wọn lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò gbàgbé títí dọjọ́ ikú: “Ilé ní imú bí ènìyàn. Ẹni tó bá kọ́lé tí kò fi imú sí i, pósí ló kàn.”

Ní ọdún 1949 ni wọ́n mú Bàbá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà já, kò sì sí agbára láti tẹ̀ síwájú, ni wọ́n bá lọ kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Òṣogbo, wọ́n gba ìyọ̀ǹda ní 1962. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, tí wọ́n sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti 1968 dé 1999, kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Ẹdẹ àti Sẹkọna. Orúkọ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pè wọ́n lẹ́yìn ni Tún-un-wọ̀n, nítorí kò sí pákó tí ẹ gbé dé iwájú wọn tí wọn kò ní ní kí ẹ tún un wọ̀n. Àwọn tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ jù ló di ẹnjiníà lónìí, tí wọ́n sì wà lórí àga iwájú níbí. Ẹ kú ìjókòó.

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1970 ni wọ́n gbé Omidan Esther Àbẹ̀kẹ́, aránṣọ láti ìlú Ara, níyàwó. Láàárín 1972 sí 1974 ni wọ́n kọ́ ilé tí ẹ jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Bàbá àgbà mọ ògiri amọ̀, ọmọ rẹ̀ kan àjà pákó, ó sì gbẹ́ fèrèsé onípákó mẹ́wàá. Lókè ògiri, lábẹ́ àjà, wọ́n dá ihò mẹ́jọ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹ̀ṣẹ́ méjì, kí ooru tó bá gòkè lè rí ọ̀nà jáde. Lápá ìwọ̀-oòrùn wọ́n gbin dóńgóyárò kan kí oòrùn ọ̀sán má baà rí ògiri nà. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni Bàbá àti Màmá fi gbé ibẹ̀ láìra ju fáànù kan ṣoṣo lọ. Fáànù náà, ti àlejò ni.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá di díákónì ní 1985, wọn kò sì fi oyè náà mú ẹnu wọn dákẹ́. Ní 2011, ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ fi gíláàsì dí gbogbo fèrèsé òkè ilé ìjọsìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà kọ́, wọ́n sì fi lẹ́tà wúrà kọ orúkọ ẹni tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Kò pé oṣù mẹ́ta tí jẹnẹrétọ̀ fi dákẹ́. Àwọn orúkọ yẹn nìkan ló kù tó ń tàn. Bàbá dìde ní ìpàdé ìjọ: “Ẹ ti fún ilé Ọlọ́run nímú pa, ẹ wá ń bẹ ẹ̀rọ pé kó máa bá a mí.”

Alága ìgbìmọ̀ ní, “Díákónì, ẹ̀yin ò kàn fẹ́ ìlọsíwájú ni.”

Bàbá ní, “Ìlọsíwájú tó ń làágùn báyìí?”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Odidi ọdún kan ni ìgbìmọ̀ kò fi bá Bàbá sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n ṣí àwọn fèrèsé náà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, Bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn, Alájì Mansur Rájí tó jẹ́ bíríkìlà, gbé àkàbà kọ́ èjìká, wọ́n ń wọ ilé àtijọ́ kiri. Wọ́n ń ṣí ihò tí wọ́n ti dí, wọ́n ń na ẹní sábẹ́ páànù tí kò ní àjà, wọ́n ń fi ẹfun kun òrùlé kó lè dá oòrùn padà síbi tó ti wá. Alájà Kúlúsúmù tó ń ta omi dídì ní àdúgbò yìí gbé fìríísà rẹ̀ ti ògiri tí oòrùn ń sun láti ọ̀sán. Bàbá ní kí wọ́n sún un ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì nu ẹ̀yìn rẹ̀. Mítà tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

“Bàbá fọwọ́ kan ẹrù mi, iná mi dínkù,” ni Alájà máa ń wí. “Kẹ́nìkan sọ pé kì í ṣe àdúà!”

“Kì í ṣe àdúà, ìyá mi,” ni Bàbá máa ń fèsì. “Ògiri ni.”

Ibi tó ń dun ẹbí rèé, ẹbí kò sì ní fi bò. Ní oṣù Kejì ọdún 2019 ni Màmá Esther sùn. Ẹ mọ àṣà wa: bí àgbà bá kú, a ó tún ilé ṣe kí àlejò tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé, àkọ́bí ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, gba iṣẹ́ náà sọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin, Olúwatóyìn, ní Òṣogbo. Kí wọ́n tó padà, wọ́n ti yọ fèrèsé onípákó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ti fi gíláàsì tó ń sún rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìdajì rẹ̀ nìkan ń ṣí. Àjà pákó ti lọ, pí-ó-pì funfun báláú ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti gé dóńgóyárò kí àwọn tó ń kọjá lè rí iwájú ilé. Wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nítorí Bámidélé ní, “Ó ń jọ ilé ẹyẹlé nínú fọ́tò.”

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Esther ló kú, àbí ilé ni?”

Yàtọ̀ sí Olúwatóyìn tó dúró tì wọ́n, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n háyà ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ di ìwé yìí mú wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń pariwo pé, “Bámidélé, o ṣe ọkùnrin!” Ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù méjì, ẹ ya fọ́tò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ padà sílé ẹni tó ni ín, ẹ̀yin náà padà sílé yín. Bàbá nìkan ló kù nínú ààrò.

Iná ìjọba kò lè gbé ẹ̀rọ méjèèjì, nígbà tó bá tilẹ̀ wà. Ọkùnrin tó fún ìdajì àdúgbò ní atẹ́gùn wá di ẹni tó ń lo ọ̀sán lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alájà Kúlúsúmù. Alájì Mansur bẹ̀ wọ́n títí: “Jósáyà, jẹ́ n mú òòlù wá. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni.”

“Rárá. Ẹni tó dí i ni kó ṣí i. Bí mo bá ṣí i, mo ti tú ọmọ mi síhòòhò lójú ìlú.”

Ẹ gbọ́ o. Nítorí kí ojú má baà ti ọmọ ni bàbá fi jẹ́ kí ooru máa sun òun bí iṣu. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pe ọmọ náà lórí fóònù. Lọ́dọọdún ló ń fèsì pé, “Bàbá mi, kí layé máa wí tí wọ́n bá rí i pé à ń fọ́ ohun tí a fi sin Màmá? Ẹ ní sùúrù, mo máa ra sólà fún yín.”

Bàbá ní, “Mi ò tọrọ oòrùn, ó pọ̀ lọ́wọ́ mi. Atẹ́gùn ni mo tọrọ.”

Sólà kò dé. Atẹ́gùn kò dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2026, tí iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, Bàbá kú nínú yàrá wọn, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Dókítà kọ ọ́ pé ọkàn ni, ẹbí kò sì ní bá dókítà jiyàn. Ẹbí kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Alájì Mansur, tó kọ́kọ́ wọlé, fẹ́ ṣí gíláàsì fèrèsé, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà nítorí ó gbóná.

Ní ìpàdé ẹbí, kí lẹ rò pé Bámidélé gbé dání? Ìwé àwòrán táìlì. Ó tún fẹ́ tún ilé ṣe de àlejò. Alájì Mansur, tí a pè wá jókòó, na ìka sí i: “Gbé táìlì yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ̀ẹ̀kan lo tún ilé yìí ṣe, ọ̀rẹ́ mi ló gbà.” Olúwatóyìn dìde. Ó ṣí àpótí irinṣẹ́ Bàbá, ó mú pákó kan tí wọ́n fá dán jáde, tí Bàbá fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sí: *Ẹ má kun ilé mi. Ẹni tó dí i ni kó ṣí i. Kó tún un wọ̀n kó tó lù ú.*

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé bẹ̀ pé kí a yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé ètò. Ẹbí kò yọ ọ́. Kò bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí bíríkìlà kankan bá a fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ihò méje ló ti ṣí. Ìkẹjọ, tó wà lókè ibùsùn Bàbá, ló gun àkàbà dé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Olúwatóyìn, Bámidélé àti Ẹniọlá, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí Ìníolúwa àti Ìbùkún jẹ́ àgbà nínú wọn, àwọn ìyàwó ilé àti ọkọ ọmọ, àti Alájì Mansur Rájí, tí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn, tó sì ṣe ju ọmọ ìyá lọ.

Ẹ̀yin aláánú wa, a kò kun ilé lọ́tẹ̀ yìí. Eruku wà lára ògiri, ẹ má wò ó bí ẹni rí èèmọ̀. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣe ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n bá gbé Bàbá wọ yàrá, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìró òòlù láti inú ilé. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dìde. Ìkẹjọ ni. Bí ó bá ti dákẹ́, ẹ lè fi ìwé tí ẹ fi ń fẹ́ra yìí sílẹ̀.

Tún-un-wọ̀n, ọmọ Ọ̀mọlé, ilé ti ń mí. Ẹ fọwọ́ rọrí, kí ilẹ̀ tutù fún yín ju ilé lọ. Ẹ sùn re o, Bàbá.