Ìbọ̀sẹ̀ Oníbátìrì Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Ìní

Ìfàkò, Agége,
Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ, 1989.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Fúnmilọ́lá,

Mo kí yín láti inú òjò tó kọ̀ tí kò dá níhìn-ín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánádà lọ́hùn-ún? Ṣé iṣẹ́ ò pa yín lára jù, ṣé ẹ sì ń rí nǹkan gidi jẹ? Èmi àti Ìníolúwa wà, a dúpẹ́. Ó ti ń di ògiri mú rìn báyìí, eyín rẹ̀ méjèèjì tòkè sì ti yọ. Màmá kí yín láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní kí ẹ má gbàgbé láti máa bo orí yín.

Àǹtí, Bàbá Ìní ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ bá òun wá ìbọ̀sẹ̀ oníbátìrì mìíràn, èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ti àkọ́kọ́ ò mú ẹsẹ̀ òun gbóná. Mo ti jíṣẹ́ tó rán mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ẹ ka lẹ́tà yìí tán ná, torí ohun tí èmi fúnra mi fẹ́ bẹ̀ yín fún yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí Bàbá Ìní ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ti ilẹ̀kùn pa, tí àwọn ọ̀gá ní Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ni ò jẹ́ kí àwọn rí òwú rà mọ́, ó jókòó sílé títí ojú fi ń tì í láti bá mi jẹun. Ìgbà tó wá ríṣẹ́ sí ilé ẹja yìnyín kan ní Agége, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú yàrá yìnyín, èyí tí àwọn ń pè ní kóòlùrúùmù, ló ti ń gbé páálí ẹja láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n fún wọn ní kóòtù, ṣùgbọ́n bàtà òjò ò kárí. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ àárọ̀ á bọ́ bàtà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe tọ̀sán. Òun àti Àlàbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n jọ ń wọ bàtà kan náà. Bàtà yẹn ò gbẹ rí. Òógùn ẹnì kìíní ò tíì kúrò nínú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnì kejì á fi kó wọlé.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ òun dà bí igi, pé òun ò mọ̀gbà tí òun ń tẹlẹ̀, ni mo kọ̀wé sí yín, tí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ náà rán ìyá kan tó ti Kánádà wá sìnkú bàbá rẹ̀. Ẹ ní àwọn ọdẹ ibẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ wọ inú yìnyín. Mo ṣì rí i lójú mi: ìbọ̀sẹ̀ nínípọn, àpò kékeré lókè rẹ̀ tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ń wọ̀, àti wáyà tín-ín-rín bí òwú tó gba inú rẹ̀ lọ síbi ọmọ ìka. Gbogbo ilé jáde wá wò ó. Ìyá Simbiat tó ń gbé yàrá kejì wa pe Bàbá Ìní, ó ní, "Gbénró, tí NEPA bá ti múná lọ lónìí, wá na ẹsẹ̀ ẹ sí kọ́rídọ̀, ká lè ríran se ọbẹ̀." Ní ibi iṣẹ́, Ẹsẹ̀ Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àǹtí, ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe rí i kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ti kógbá wọlé. Mo gbàdúrà fún yín títí mo fi sùn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ní kò gbóná. A pààrọ̀ bátìrì, ó ní bákan náà ni. Ó ní bátìrì tiwa níbí ò lè ṣe ẹgbẹ́ bátìrì òyìnbó láé, pé bí gbogbo nǹkan ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn. Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Sànní tó ń tún rédíò ṣe ní ìkóríta wa. Sànní so bátìrì mélòó kan mọ́ra wọn, ó fi rọ́bà dì wọ́n, ó sì fa wáyà wọn wọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí gbóná o. Ẹ rọra." Bàbá Ìní ní, "Inú oòrùn nìwọ ń jókòó sí. Wá wọ kóòlùrúùmù wò kó o tó máa sọ̀rọ̀ ooru fún mi." Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé, ó ní ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ìjọ wa ni àṣírí tú. Ẹ mọ̀ pé tí àwa bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà mọ́ ọn. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, kí a lè máa gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọrẹ wa. Bàbá Ìní ń jó lọ níwájú, ó gbé ọsàn àti òpè òyìnbó lérí, èmi pọn Ìní tẹ̀ lé e. Mo wolẹ̀, mo sì rí i pé gbogbo ibi tó bá ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lórí aṣọ funfun yẹn ń pọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé omi èso ló ń kán sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni, Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ àti omi egbò. Ó sì ń jó. Ó ń yí, ó ń fi ẹsẹ̀ náà lulẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa dákẹ́ orin. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́.

A mú un jókòó, a yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìléròrò ńlá ti bẹ́ lábẹ́ àwọn ọmọ ìka, awọ ibẹ̀ ti ṣí, ìka méjì tó kẹ́yìn sì ti ń dúdú. Ti òsì náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀, ó ní, "Èwo?" Bó ṣe dá mi lóhùn nìyẹn. Wòlíì Olúṣínà gbàdúrà, wọ́n sì ní àwọn rí bàtà kan lójú ìran, bàtà tí ẹni méjì ń wọ̀, pé kí Bàbá Ìní ṣọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń wọ̀ ọ́. Ta ló tún kù ju Àlàbá lọ? Láti ọjọ́ yẹn, kò bá Àlàbá sọ̀rọ̀ mọ́. Àlàbá wá sílé wa, ó gbé búrẹ́dì wá kí Ìní, Bàbá Ìní sì ní kó gbé e padà. Àlàbá dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ní, "Gbénró, kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Ojú tì mí débi pé mi ò lè sìn ín dé ìta.

Mi ò sọ pé àdúrà ò dára. Àdúrà ni mo fi bí Ìní, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ìdúpẹ́ yẹn, mo mú ìbọ̀sẹ̀ náà láti bá a ran ibì kan tó ya, mo sì rí i pé inú rẹ̀, níbi ọmọ ìka, ti pọ́n bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Bátìrì tí Sànní dì ṣì wà lára rẹ̀. Mo so wáyà pọ̀, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo ń dúró. Kò pẹ́ rárá tí mo fi fa ọwọ́ mi yọ pẹ̀lú ariwo. Àǹtí, ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ rà ò ní àbùkù kankan. Ó gbóná látọjọ́ tó ti dé. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni kò mọ iná mọ́.

Mo sọ fún un. Ó ní ọwọ́ obìnrin rọ̀, pé ẹsẹ̀ tòun ti le. Ó ní ohun tí Àlàbá fi sínú bàtà náà ló ń bá òun jà, pé ohun tútù ni, pé ooru tó pọ̀ ló máa lé e jáde, ìdí nìyẹn tó fi ní kí n kọ̀wé sí yín. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní tí wọ́n bá gbọ́ níbi iṣẹ́ pé ẹni tó ń gbé ẹja légbò lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ yẹn gan-an. "Ṣó o mọye èèyàn tó ń dúró sí ẹnu géètì wa láràárọ̀? Àwọn tó ka ìwé ju èmi lọ wà níbẹ̀." Mi ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn, torí òótọ́ ni. Ó ń fi aṣọ di egbò náà, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó sì ń lọ. Ó tún ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ó sì ti rù. Tí mo bá ń tú aṣọ ẹsẹ̀ yẹn, mo máa ń yí ojú Ìní sí ibòmíràn. Òórùn rẹ̀ ti yàtọ̀, Àǹtí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ara. Bàbá Ìní máa ń sọ pé Àǹtí kì í parọ́ tu èèyàn nínú. Ẹ jọ̀ọ́, tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi tẹlifóònù pè wá sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ pè wá sí nígbà ìsọmọlórúkọ Ìní, kí wọ́n ránṣẹ́ pè é, kí ẹ fi ẹnu yín sọ fún un pé kó lọ sí ọsibítù. Ẹ má ní èmi ni mo ní kí ẹ sọ ọ́. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ronú kàn án. Mo mọ̀ pé lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà. Mo ń kọ ọ́ náà ni, torí mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè ké sí.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín nínú yìnyín á máa ṣọ́ yín lọ. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Ibi tí ẹ bá tẹ̀, á rọ̀ fún yín. Ìní ní kí n kí yín, ó ti fi ọwọ́ ọbẹ̀ kan ìwé yìí, ẹ má bínú sí àbààwọ́n náà.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín tọkàntọkàn,
Bọ́látitó (Ìyá Ìní).

Àfikún: Àǹtí, mi ò tíì rí ìwé yìí gbé lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tí nǹkan fi yí padà, ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ mọ́ ọn. Ní àárọ̀ àná, òjò ń rọ̀, òtútù mú. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo bá Bàbá Ìní lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀, ó sì ń fa ti òsì wọ ẹsẹ̀ Ìní. Ó ti so wáyà méjèèjì. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí tutù. Jẹ́ kó jẹ ìgbádùn Kánádà díẹ̀." Mi ò mọ bí mo ṣe fò dé ibẹ̀. Mo já ìbọ̀sẹ̀ náà gbà, mo gbá ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ mú, mo sì kì í bọ inú rẹ̀ dé ibi ọmọ ìka. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Obìnrin yìí, kí ló ń ṣe ẹ́?" Lẹ́ẹ̀kan náà ló pariwo, ó gbọn ọwọ́ nù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Ìní, ẹsẹ̀ kékeré yẹn, tí kò tíì rí nǹkan kan, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló wá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ tí bátìrì wà lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti jí. Ó wá ní, "Wọṣọ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé òun ló kọ́kọ́ pa ẹsẹ̀ náà kí òtútù tó wá bá a níbẹ̀, iná ló sì wá parí rẹ̀. Wọ́n ti dá a dúró síbẹ̀. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí ìka méjì yẹn, pé ká máa gbàdúrà fún ìyókù ẹsẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé láti ìsinsìnyí lọ, kó tó wọ bàtà, kó tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ fi bá ẹsẹ̀ bèèrè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé lónìí ni pé kí n lọ bá òun bẹ Àlàbá kó wá. Mo ń ti ilé Àlàbá bọ̀ báyìí. Ó ti ń wọ aṣọ kó máa lọ síbẹ̀ kí n tó bẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní ẹsẹ̀ tòun náà ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, pé òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ní kó ṣe àyẹ̀wò tiẹ̀ náà lónìí.

Àǹtí, ẹ má fi ìbọ̀sẹ̀ oníná ránṣẹ́ mọ́. Tí ẹ bá rí bàtà òjò, ẹ bá wa wá ti ẹni méjì, kí Bàbá Ìní àti Àlàbá lè ní tiwọn tó gbẹ. Kí ẹ tó ra ti Bàbá Ìní, ẹ dúró kí n kọ̀wé sí yín, kí n sọ bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe rí.